Ohun Tó Ń Ṣe Àbọ́yadé: Lámèyítọ́ lórí Bí A Ṣe Ń Túmọ̀ "Ibà" àti "Ara Ríro" láàrin Yorùbá àti Faransé ní Lomé

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ ìwé ìwádìí ìṣègùn méjì wò ní ojú onímọ̀ ẹ̀dá-èdè. Àkọ́kọ́ ni ti Steere àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (1993) lórí àwọn tí wọ́n ní àìsàn Lyme ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Èkejì ni ti Nordstrand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2007) lórí ibà tí eégbọn ń fà ní Tógò. Èrò mi ni pé irú àṣìṣe kan náà ni ìwé méjèèjì ń ròyìn: orúkọ àìsàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ gbé àìsàn tí wọn kò mọ̀ mì. Mo fi àpẹẹrẹ láti inú Yorùbá hàn pé èdè wa ní ohun èlò tó lè ya irú àwọn àìsàn bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀, àti pé títúmọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, nínú ìwé atúmọ̀-èdè àti lẹ́nu ògbufọ̀, ló ń sọ ohun èlò náà nù.

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Òwe yìí dára láàrin ẹbí àti ẹgbẹ́, nítorí ó ń jẹ́ kí ẹni tí ìyà ń jẹ mọ̀ pé òun nìkan kọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé ilé ìwòsàn, ó lè di ewu. Ènìyàn méjì lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, kí àwọn méjèèjì sọ pé ara ń ro àwọn, pé ó ń rẹ àwọn, pé oorun kò tu àwọn lára, pé àwọn ń gbàgbé nǹkan. Síbẹ̀, ohun tó ń ṣe ọ̀kan lè máà jẹ́ ohun tó ń ṣe èkejì rárá.

Àpẹẹrẹ tí àwọn oníṣègùn máa ń tọ́ka sí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni fibromyalgia àti àìsàn Lyme. Fibromyalgia ni kí ara máa ro ènìyàn káàkiri fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, lókè ìbàdí àti nísàlẹ̀ rẹ̀, kí oorun má tu ara, kí ìrònú sì wúwo. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi í hàn. Àìsàn Lyme ní tirẹ̀ ní kòkòrò tó ń fà á, Borrelia burgdorferi, èyí tí eégbọn ń gbé wọ ara ènìyàn. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpá pupa kan tó ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè mú kí orúnkún wú tàbí kí apá kan ojú rọ. Oògùn apakòkòrò ń wò ó sàn. Èkínní kò gba irú oògùn bẹ́ẹ̀, èkejì kò gbọdọ̀ má rí i gbà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tí aláìsàn ń sọ, ara ríro, àárẹ̀ àti ìgbàgbé wà nínú àwọn méjèèjì.

Kí ló kan ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Lomé nínú èyí? Ohun méjì ni. Lọ́nà kìíní, fún fibromyalgia, èdè gan-an ti di ohun èlò àyẹ̀wò. Ní 1990, òṣùwọ̀n tí ẹgbẹ́ American College of Rheumatology gbé kalẹ̀ ní kí dókítà fi ìka tẹ ojú ibi 18 lára aláìsàn, kí ó kéré tán 11 nínú wọn dùn ún. Ní 2010, ẹgbẹ́ kan náà fọwọ́ sí òṣùwọ̀n tuntun tó fi ìbéèrè rọ́pò ìka: nínú ibi 19 lára, èwo ló ti dùn ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Báwo ni àárẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó? Ṣé ara máa ń tù ọ́ bí o bá jí? Ohun tí aláìsàn bá sọ ni dókítà ń kà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá yí padà lẹ́nu ògbufọ̀, àbájáde àyẹ̀wò ti yí padà nìyẹn.

Lọ́nà kejì, aláìsàn tó ń sọ Yorùbá ní Lomé, yálà ará Anagokomé ni tàbí oníṣòwò tó wá ná ọjà Assigamé, kì í sábà bá dókítà sọ̀rọ̀ ní èdè ara rẹ̀. Faransé ni èdè ìwé ilé ìwòsàn. Ewe àti Mina ni èdè ìgboro. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè gba ẹnu méjì kọjá kó tó dé orí ìwé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, iṣẹ́ tiwa ni.

2. Ìwé méjì, orúkọ méjì tó ń gbé nǹkan mì

Steere ni ó ṣáájú àwọn tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àìsàn Lyme ní 1977, lẹ́yìn tí oríkèé ríro bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ọmọdé ní àdúgbò Lyme ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Kò pẹ́ tí orúkọ náà fi tàn káàkiri. Nígbà tó di 1993, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn mìíràn jáde, lórí ènìyàn 788 tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn àìsàn Lyme tí wọ́n ń bójú tó. Nínú àwọn wọ̀nyí, ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni àìsàn Lyme ń ṣe lọ́wọ́. Ìdá 20 ti ní in rí, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló ń ṣe wọ́n báyìí, pàápàá àárẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tàbí fibromyalgia. Ìdá 57 tó kù kò ní in rárá. Ìyẹn ni pé ó ju ìdajì lọ tí orúkọ náà kò bá mu.

Nordstrand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tiwọn ní Tógò láàrin 2002 àti 2004. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ibà gbé wá sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì wá inú rẹ̀ bóyá àwọn yóò rí ìbátan kòkòrò Lyme, ìyẹn àwọn Borrelia tó ń fa ibà tó máa ń lọ tó sì máa ń padà wá. Maikirosíkóòpù kò rí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lo PCR, nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláìsàn ní kòkòrò náà, nǹkan bí ìdá 13 sì ní àmì nínú ẹ̀jẹ̀ pé ara wọn ti bá a jà. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà ròyìn pé ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n fún ní oògùn ibà ẹ̀fọn, yálà wọ́n rí kòkòrò ibà ẹ̀fọn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tàbí wọn kò rí i. Oògùn yẹn kò sì lè pa Borrelia.

Ìwé méjèèjì dára, wọ́n sì ṣe é pẹ̀lú ìṣọ́ra. Kò sí ohun tí mo fẹ́ bù kù nínú ohun tí wọ́n wọ̀n. Àríwísí mi ni pé wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀, wọn kò wọn ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ kò lè sọ fún wa ìdí tí orúkọ kan fi borí. Bí a bá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nǹkan kan yóò hàn tí kò hàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Amẹ́ríkà, orúkọ àìsàn tí Borrelia ń fà ló gbé fibromyalgia mì. Ní Tógò, Borrelia gan-an ni wọ́n gbé mì, orúkọ ibà ẹ̀fọn ló sì gbé e. A kò lè sọ, nígbà náà, pé kòkòrò yìí ni wọ́n máa ń fojú pa rẹ́ tàbí pé òun ni wọ́n máa ń rí níbi tí kò sí. Ohun tó jọra ní ibi méjèèjì ni pé àwọn àmì àìsàn fẹjú, orúkọ olókìkí kan wà nítòsí, orúkọ kejì kò sì sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní abúlé Dielmo ní Sẹ̀nẹ̀gà, níbi tí wọ́n ti tọpa ibà eégbọn fún ọdún 14, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 fi hàn pé ó ń mú nǹkan bí ènìyàn 11 nínú 100 lọ́dọọdún. Eégbọn tó ń gbé e kiri níbẹ̀ ń gbé inú ihò eku. Òru ló máa ń jáde, kò sì pẹ́ lára ẹni tó bá jẹ. Ẹni tí ó jẹ kì í sábà mọ̀. Bí dókítà bá bi í pé ṣé eégbọn jẹ ẹ́, yóò ní rárá, òótọ́ ló sì sọ.

3. "Ibà" kì í ṣe "paludisme"

Ìwé atúmọ̀-èdè àti ìwé ìléra tó bá fi "ibà" dọ́gba pẹ̀lú "paludisme" ti gé ọ̀rọ̀ wa kúrú. Ẹ wo bí Yorùbá ṣe ń lò ó:

(1) a. ibà pọ́njú
b. ibà jẹ̀funjẹ̀fun
d. akọ ibà
e. ibà Lassa

Nínú (1), "ibà" ni orí àpólà. Ohun tó tẹ̀ lé e tàbí tó ṣáájú rẹ̀ ló ń yà á sọ́tọ̀. (1a) ń yà á nípa ohun tí ojú rí, (1b) nípa ibi tó ti ń ṣọṣẹ́ nínú ara, (1d) nípa bó ṣe le tó, (1e) nípa ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969. Orúkọ ìdílé ni ibà, kì í ṣe orúkọ ọmọ kan ṣoṣo. Ìtàn náà sì gbè é lẹ́sẹ̀. Nígbà tí Crowther gbé ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ó ku ọdún 37 kí Laveran tó rí kòkòrò ibà ẹ̀fọn nínú ẹ̀jẹ̀ ní Àlùjéríà. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fún ibà náà jẹ́ orúkọ ìdílé. Ìmọ̀ ìṣègùn ló wá pín in sí wẹ́wẹ́ lẹ́yìn náà. Àwọn òyìnbó ní ọ̀rọ̀ tuntun fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi "fièvre" sílẹ̀ fún ìdílé. Àwa ní tiwa fi "ibà" sí ojú ìdílé, a sì tún fi sí ojú ọmọ kan.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ní Lomé tún lọ́jú pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Faransé ìgboro, "palu" ni wọ́n máa ń pe ara gbígbóná tó bá wá pẹ̀lú orí fífọ́ àti ara ríro. Bí a bá yẹ bí wọ́n ṣe ń lò ó wò dáadáa, "palu" ọjà kì í ṣe "paludisme" yàrá àyẹ̀wò. Ibà ni. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tó gbé wọ̀ jẹ́ tiwa. Oníṣòwò tó sọ pé "j'ai le palu" kò purọ́. Ohun tó ń sọ ni pé ibà ń ṣe òun. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ, tó jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló ti kọ́ Faransé tirẹ̀, gbọ́ orúkọ kòkòrò kan pàtó. Àwọn méjèèjì rò pé àwọn gbọ́ ara wọn yé. Ọ̀rọ̀ tí kò yé ènìyàn, ó lè béèrè rẹ̀. Èyí tó dà bí ẹni pé ó yé e ni kì í bi ẹnikẹ́ni. Nítorí náà mo gbà pé "palu" jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tó bo ibà eégbọn mọ́lẹ̀ nínú irú àbájáde tí Nordstrand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìpọ̀ kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ ni ìdí tí maikirosíkóòpù kò fi rí i.

4. Ara ríro: ohun tó ń bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà

Ìrora ní Yorùbá kì í ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo:

(2) a. Orí ń fọ́ mi.
b. Inú ń run mí.
d. Eegun ń ro mí.
e. Ìhà ń gún mi.
ẹ. Ojú egbò ń ta mí.
f. Àtẹ́lẹsẹ̀ ń jó mi.

Ẹ̀yà ara ni olùwà nínú gbogbo gbólóhùn yìí, aláìsàn sì ni àbọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń sọ irú ìrora tó jẹ́. Nínú Faransé ojoojúmọ́, "j'ai mal" ni gbogbo wọn máa ń dà: aláìsàn di olùwà, ìrora di ohun tó ní, irú ìrora sì pòórá. Èyí kò túmọ̀ sí pé Faransé kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Ó ní i. Gẹ̀ẹ́sì náà ní i, débi pé Melzack kó ọ̀rọ̀ ìrora 78 jọ ní 1975, ó sì pín wọn sí ọ̀wọ́ 20, kí dókítà lè fi wọ́n dá irú ìrora mọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ní Faransé, aláìsàn ní láti wá ọ̀rọ̀ yẹn kún ọ̀rọ̀ rẹ̀; ní Yorùbá, kò lè la ẹnu láìjẹ́ pé ó ti yan ọ̀kan. Ògbufọ̀ tó bá gbé (2d) àti (2f) lọ sí "j'ai mal" ti da ohun tí aláìsàn ti yà sọ́tọ̀ pọ̀.

Ibi tí ìpàdánù náà ti pọ̀ jù ni ti àsìkò àti ibá-ìṣẹ̀lẹ̀:

(3) a. Ara ń ro mí.
b. Ara máa ń ro mí.
d. Ara ti ń ro mí láti ìgbà ọdún.
e. Ara tún ti ń ro mí.

(3d) sọ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́, kò sì dáwọ́ dúró. Ohun tí òṣùwọ̀n fibromyalgia ń wá gan-an nìyẹn. (3e) sọ pé ó wá, ó lọ, ó tún dé. Bí ara gbígbóná bá bá a rìn, tí ó sì jẹ́ pé ọjọ́ díẹ̀ ló fi lọ kó tó padà, ó yẹ kí ibà eégbọn sọ síni lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ kéékèèké, "ti" àti "tún", ló ya àìsàn méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí náà ló rọrùn jù láti jù sílẹ̀, nítorí "j'ai mal partout" ti tó gbólóhùn láìsí wọn, àyàfi kí ògbufọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi "depuis" tàbí "de nouveau" kún un.

Àárẹ̀ ní ìṣòro tirẹ̀:

(4) a. Ó rẹ̀ mí.
b. Ó rẹ Bàbá.

(4a) lè jẹ́ ti ẹni tó ṣiṣẹ́ tán. (4b), bí wọ́n bá sọ ọ́ nípa àgbàlagbà tí kò jáde láti àárọ̀, sábà máa ń jẹ́ pé ara Bàbá kò yá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń fi ọ̀wọ̀ bo àìsàn lójú. Àárẹ̀ tí ń ṣe ẹni tí fibromyalgia mú kì í ṣe èyí tí iṣẹ́ fà, kì í sì í ṣe orúkọ ọ̀wọ̀ fún àìsàn mìíràn. Ara àìsàn náà gan-an ni. Bí ògbufọ̀ bá gbé e lọ gẹ́gẹ́ bí "il est malade", àmì kan ti sọnù. Bó bá gbé e lọ gẹ́gẹ́ bí "il est fatigué", dókítà lè rò pé ìsinmi ló kù.

Ẹni tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò tí wọn kò rí nǹkan kan máa ń gbọ́ pé "kò sí nǹkan kan". Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ lè bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó máa ní ayé ni, tàbí pé ọdẹ orí ni. Makanjuola kọ̀wé lórí ọdẹ orí ní 1987 nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn ọpọlọ kan, ó sì fi orúkọ Yorùbá náà sílẹ̀ bó ṣe rí. Mo yìn ín fún ìyẹn, nítorí kò fi ipá mú un wọnú orúkọ òyìnbó kan kó tó ṣàpèjúwe ohun tí àwọn aláìsàn ń rí lára. Ọ̀nà yẹn ló yẹ ká tẹ̀ lé fún ara ríro pẹ̀lú: ká gba ọ̀rọ̀ aláìsàn sílẹ̀ ná, ká tó wá ohun tó bá a dọ́gba.

5. Orúkọ tí a ní àti orúkọ tí a lè ṣẹ̀dá

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ìwé atúmọ̀-èdè wa máa ń fi "làkúrègbé" dọ́gba pẹ̀lú "rhumatisme" tàbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Fún ìdílé sí ìdílé, ìyẹn kò burú, nítorí "rhumatisme" náà kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Ìṣòro ni pé fibromyalgia kò ní ibi kankan tó lè jókòó sí lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá pè é ní "aromọléegun", wọ́n ti ṣìnà, gẹ́gẹ́ bí ìhun ọ̀rọ̀ náà ṣe fi hàn:

(5) a. a- + ro + ọmọ + ní + eegun → aromọléegun
b. fi + òní + kú + fi + ọ̀la + dìde → fòníkú-fọ̀ladìde

(5a) fi ìrora sínú eegun. Fibromyalgia kì í ba eegun jẹ́, kì í sì í mú oríkèé wú. Irú àṣìṣe yìí ti ṣẹlẹ̀ ní èdè òyìnbó rí. Ní 1904, Gowers pe irú ìrora yìí ní fibrositis. Àfòmọ́ ìparí ọ̀rọ̀ náà sọ pé nǹkan wú, ó sì gbóná, nínú ẹran ara. Nígbà tí wọ́n wá a tí wọn kò rí wíwú kankan, wọ́n pa orúkọ náà tì, wọ́n sì mú fibromyalgia, tí kò sọ ju pé ibẹ̀ ń dunni lọ. Ìrírí aláìsàn ni wọ́n padà sí.

Bí àwa náà bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà wà nínú (5a) fúnra rẹ̀. Bí a bá fi "ara" rọ́pò "eegun", a ó ní "aromọlára". Kí ó má baà dà bí ara ríro ọjọ́ kan, a lè fi "abánigbé" yà á sọ́tọ̀: aromọlára abánigbé. Fún ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, (5b) ni àwòkọ́ṣe, nítorí ó fi hàn pé Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń fi ìrìn àìsàn nínú àkókò sọ ọ́ lórúkọ. Mo dá "ibà alọpadàwá" lábàá. "Ibà eégbọn" kúrú jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ń sọ ohun tí aláìsàn kò rí. "Ibà alọpadàwá" ń sọ ohun tó lè jẹ́rìí sí fúnra rẹ̀.

6. Ohun tí a lè fi ta ko èyí

Àkọ́kọ́, wọ́n lè sọ pé orúkọ kì í wo àìsàn, pé PCR ló rí kòkòrò ní Tógò, kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ilé ìwòsàn tó lè yẹ gbogbo ẹ̀jẹ̀ wò fún gbogbo kòkòrò. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ irú àyẹ̀wò tí wọn yóò béèrè.

Èkejì lágbára jù ú lọ. Wọ́n lè sọ pé orúkọ tuntun gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, pé nígbà tí Lyme kò lórúkọ, kò sẹ́ni tó rò pé òun ní in. Mo gbà. Ìpalára rẹ̀ kò sì kéré. Klempner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ní 2001 pé àwọn fi oògùn apakòkòrò fún 90 ọjọ́ wo àwọn tí ara ń ro lẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́jú Lyme wọn, nínú ìdánwò tí ènìyàn 129 kópa nínú rẹ̀. Oògùn náà kò sàn ju èyí tí kò ní nǹkan kan nínú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú orúkọ tí Lyme jẹ́: orúkọ ìlú ni. Kò sọ ohun tó fa àìsàn, kò sọ bó ṣe ń rìn, kò sì ní ààlà. Orúkọ tó ní ìyàtọ̀ nínú ìhun rẹ̀, bíi ti (5b), ṣòro láti nà kọjá àyè rẹ̀. Ẹni tí ara ti ń ro láìdáwọ́ dúró láti ọdún tó kọjá kò lè sọ pé ibà alọpadàwá ló ń ṣe òun.

Ẹ̀kẹta, wọ́n lè ní ká kúkú yá ọ̀rọ̀ òyìnbó lò, bí a ti yá "éèdì". Àpẹẹrẹ yẹn dára, nítorí "éèdì" ti jókòó pa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ìkéde lórí rédíò àti ní ilé ẹ̀kọ́ ló fún un ní ìtumọ̀. Kò sẹ́ni tó ń kéde fibromyalgia fún àwọn ará Anagokomé. Ọ̀rọ̀ àyálò tí kò ní ìkéde lẹ́yìn kò yàtọ̀ sí àìlórúkọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká tàn ara wa pẹ̀lú pé orúkọ gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. "Paludisme" ti inú ọ̀rọ̀ Látìnì fún irà wá, "malaria" ti inú ọ̀rọ̀ Ítálì fún afẹ́fẹ́ burúkú wá. Àwọn méjèèjì ṣìnà nípa ohun tó ń fa àìsàn náà, wọ́n sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ orúkọ kéré ju òótọ́ lọ: kí ó fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó tẹ̀ lé ohun tí a ti sọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ìwé atúmọ̀-èdè Yorùbá sí Faransé, àti ti Ifɛ̀ sí Faransé fún àwọn ará Atakpamé, yẹ kó fi "fièvre" túmọ̀ ibà tàbí ọ̀rọ̀ tó bá a dọ́gba, kí ó sì to àwọn ọmọ ìdílé náà sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó yà wọ́n.

Lẹ́ẹ̀kejì, ó yẹ kí ògbufọ̀ máa gbé ọ̀rọ̀-ìṣe àti ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ kọjá, kì í ṣe ẹ̀yà ara nìkan. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lè ràn án lọ́wọ́:

(6) a. Láti ìgbà wo ni ó ti ń ro yín?
b. Ṣé ó máa ń lọ pátápátá kó tó tún padà wá?
d. Apá ọ̀tún ni tàbí apá òsì? Òkè ìbàdí ni tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀?
e. Ṣé ara yín gbóná? Ṣé oríkèé kankan wú?
ẹ. Ṣé eku ń gbẹ́ ihò sí ibi tí ẹ ń sùn?
f. Ṣé ẹ ti rìnrìn àjò lọ sí Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà láìpẹ́?

(6f) wà níbẹ̀ nítorí pé àwọn ènìyàn wa ń gbé ibi tí eégbọn Lyme wà, àpá pupa rẹ̀ sì ṣòro láti rí lára aláwọ̀ dúdú. Kò sí èyí tó rọ́pò dókítà nínú wọn. Iṣẹ́ wọn ni kí dókítà lè gbọ́ ohun tí aláìsàn sọ.

Lẹ́ẹ̀kẹta, iṣẹ́ pápá wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ó yẹ kí wọ́n gba ọ̀rọ̀-ìṣe ìrora sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń sọ Yorùbá ní Lomé àti àwọn tó ń sọ Ifɛ̀ ní Atakpamé, kí wọ́n sì gba ohun tí ògbufọ̀ sọ ọ́ dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Aromọlára abánigbé" àti "ibà alọpadàwá" náà gbọ́dọ̀ kọjá níwájú wọn. Bí àwọn tó ni èdè kò bá gbà wọ́n, kí wọ́n fún wa ní èyí tó dára jù, nítorí àwọn tí ara ń ro ni ọ̀rọ̀ náà wà fún.